Orí Kẹfà: Bí Fáíbà Ilé Bá Ń Fà, Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ Ráútà Wò

Ẹni tó bá ti fa fáíbà wọlé ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ì báà jẹ́ ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìlíṣàn, kò retí pé kí fídíò tún máa yí bírí lójú òun. Torí ẹ̀ ló ṣe náwó sí i. Bó bá wá ń san owó 50 Mbps lóṣooṣù, tí fóònù rẹ̀ nínú yàrá kò rí ju 8 lọ, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ilé-iṣẹ́ ń rẹ́ òun jẹ, tàbí pé ètò tí òun ń san ló kéré. Á lọ gba èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù á parí, 8 náà ni yóò ṣì máa rí.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo kọ orí yìí fún. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kó mú lọ: kó má fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù rẹ̀ títí yóò fi yẹ àpótí tí ilé-iṣẹ́ gbé fún un wò. Àpótí ọ̀fẹ́ ni, tàbí kí wọ́n ti da owó rẹ̀ mọ́ owó tó fi wọlé. Ilé-iṣẹ́ tó ń ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í sábà ra èyí tó dára jù lọ́jà, èyí tó máa ṣe é mọ ni wọ́n ń rà. Bí ibẹ̀ bá há, kò sí bí ètò ṣe tóbi tó tí yóò gba ibẹ̀ kọjá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun tí àpótí náà ń ṣe

Fọ́nrán gíláàsì ni fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn fáíbà ńlá tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò ní Èkó máa ń tẹ̀ lé ojú títì márosẹ̀, Ṣágámù sì ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Benin. Ṣùgbọ́n fáíbà ńlá tó kọjá lẹ́bàá ìlú kọ́ ló wọ ilé yín. Láti ibùdó ilé-iṣẹ́ ni okùn kan ti ń jáde wá sí àdúgbò. Wọ́n á pín ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ sí ilé 32 tàbí 64 nínú àpótí kékeré kan lórí òpó, ẹyọ kan nínú ìpín náà ni ẹ rí yẹn. Ètò tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò fún pípín yìí ni wọ́n ń pè ní GPON, àjọ ITU ló gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2003. Gbogbo ilé tó wà lórí okùn kan ló jọ ń pín 2,488 Mbps tó ń bọ̀ àti 1,244 tó ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí 2,488 yẹn, a ó tún nílò rẹ̀ níwájú.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni àpótí inú ilé ń ṣe. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò. Ó ń pín in láti ojú ihò LAN tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì ń fọ́n ọn sáfẹ́fẹ́, èyíinì ni Wi-Fi. Àwọn ẹnjiníà ń pe irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní ONT, ṣùgbọ́n ráútà ni gbogbo wa ń pè é nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe pè é. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yìí lè bàjẹ́ kí méjì tó kù máa lọ geere. Bí a bá kó wọn pọ̀ wò, a kò ní rí ìdí ọ̀rọ̀. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ìdájí wákàtí ti tó láti mọ èyí tó ń ṣe àìsàn.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sọ̀rọ̀

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wọ̀n. Mbps tí ilé-iṣẹ́ fi ń polówó àti MB tí fóònù ń kọ nígbà tó bá ń wa fíìmù kì í ṣe ohun kan náà. Mbps mẹ́jọ ló jẹ́ MB kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ẹni tó ń san 50 Mbps tó rí i pé fíìmù ń wọlé ní 6 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Fíìmù 700 MB yóò wọlé tán lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Mo ti rí àwọn tó bá ilé-iṣẹ́ jà fitafita lórí ìdí yìí nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá láptọ́ọ̀pù tó ní ihò LAN. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun kò ní, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní ohun kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ihò USB tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ sọ fún wọn pé èyí tó lè gbé 1,000 Mbps ni ẹ fẹ́, kí ẹ má baà fi òṣùwọ̀n tó kéré wọn ohun tó tóbi. Ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ihò LAN àkọ́kọ́ lẹ́yìn ráútà. Ẹ pa Wi-Fi láptọ́ọ̀pù náà. Ẹ ní kí àwọn ará ilé sinmi fóònù àti tẹlifíṣọ̀n fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ẹ wá ṣí Speedtest tàbí fast.com, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ rí sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Ẹ ṣe é ní ìdájí, ẹ ṣe é lọ́sàn-án, ẹ tún ṣe é ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti ti ibi iṣẹ́ dé. Lẹ́yìn ti wáyà, ẹ gbé fóònù dúró níwájú ráútà, ẹ wọ̀n ọ́n lórí Wi-Fi. Ẹ gbé e wọ yàrá, ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Bí iye tó wá lórí wáyà bá pé, tí ti Wi-Fi kò pé, okùn tó wọ ilé yín kò ní ẹ̀bi kankan, Wi-Fi inú àpótí ni. Bí ti wáyà kò bá pé tọ̀sán-tòru, ihò LAN, wáyà tàbí ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Bí ti wáyà bá pé ní ìdájí tó wá já lulẹ̀ lálẹ́, èrò ló pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ fi 64 pín 2,488 yẹn, nǹkan bí 39 ni yóò kan ilé kọ̀ọ̀kan bí gbogbo wọn bá fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ ilé 32, nǹkan bí 78 ni. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ sì gbójú lé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ta á ju bó ṣe yẹ lọ, alẹ́ ni àṣírí máa ń tú, kò sì sí ráútà tuntun tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ nìyẹn, ìwé tí ẹ kọ iye sí ni ẹ̀rí yín.

Bí ẹ bá rí 94

Iye kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́. Bí ẹ bá ń san 150 tàbí 200, tí wáyà sì ń fún yín ní 93, 94 tàbí 95 ní ìdájí, lọ́sàn-án, lálẹ́, láìyẹsẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá ibòmíràn lọ. Ihò tí kò lè gbé ju 100 lọ ni. Nínú 100 yẹn, ìwọ̀n díẹ̀ ń bá àwọn àmì tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ, ohun tó ń kù sì ń sún mọ́ 94 tàbí 95. Ìlà tó bàjẹ́ kì í fúnni ní iye kan náà ní gbogbo ìgbà, ó máa ń lọ sókè sódò. Ihò tó há ló ń dúró lójú kan bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ló máa ń fa èyí. Èkíní ni pé ráútà fúnra rẹ̀ kò ní ju ihò 100 lọ. Àwọn ráútà olówó pọ́ọ́kú kan wà tí gbogbo ihò wọn rí bẹ́ẹ̀, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ihò àkọ́kọ́ nìkan ló lè gbé 1,000. Ẹ yí i padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. GE túmọ̀ sí pé ó lè gbé 1,000, FE túmọ̀ sí pé kò lè kọjá 100. Bí wọn kò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wá a lórí Google.

Èkejì ni wáyà. Wáyà kéékèèké mẹ́jọ ló wà nínú wáyà LAN kan. Mẹ́rin péré ni ihò 100 ń lò, ihò 1,000 ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin tí ihò 100 kì í lò bá ti já, tàbí tí ẹni tó fún orí wáyà pa kò tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, ẹ̀rọ méjèèjì sábà máa ń fẹnu kò láàárín ara wọn pé kí wọ́n máa lo mẹ́rin nìkan. Kò ní já, kò ní pariwo, iná ihò náà yóò máa ṣẹ́jú bó ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹnikẹ́ni pé kó kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà kó tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ Cat5e tàbí Cat6 sí lára. Ẹ sún mọ́ orí rẹ̀ wò lójúmọmọ. Ike orí náà máa ń mọ́lẹ̀ gaara, ẹ ó rí àwọ̀ mẹ́jọ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọsàn, ewé, búlúù, àwọ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ní ìlà funfun nínú wọn. Bí ẹ bá ka mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tàbí tí ọ̀kan kò dé iwájú níbi tí àwọn tó kù dé, ẹ ti rí ọ̀tá yín. Àwọn kan nínú àwọn tó ń fa wáyà kiri ilé máa ń lo wáyà tẹlifóònù tàbí wáyà kámẹ́rà láti fi dín owó kù, ẹ má gbà fún wọn.

Kí n sọ èyí kó má baà da ẹnikẹ́ni láàmú: bí ètò yín bá jẹ́ 50, ihò 100 kò dí yín lọ́wọ́. Ẹ fi owó yín sápò.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń rẹ̀

Bí iye orí wáyà bá ń fò sókè sódò, tó ń já tó ń padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ló ń rẹ̀ kó tó dé inú àpótí. Ẹ wo iwájú ráútà. Iná tí wọ́n kọ PON sí gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin. Bí èyí tí wọ́n kọ LOS sí bá tàn ní pupa, ìmọ́lẹ̀ kò wọlé rárá, ẹ pe ilé-iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ lè kù díẹ̀ káàtó láìjẹ́ pé LOS pupa. Ẹ ṣí inú ráútà láti orí láptọ́ọ̀pù. Àdírẹ́sì àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sábà máa ń wà lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, 192.168.1.1 tàbí 192.168.100.1 ló wọ́pọ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Optical sí. Iye tí wọ́n kọ Rx sí iwájú rẹ̀ ni agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé, ó sì máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú. Láàárín -8 sí -27 ni ìlànà tó wọ́pọ̀ jù fi àyè sí. -19 dára, -22 dára. Bó bá ti ń sún mọ́ -26 tàbí -27, ó ti wà létí ibi tó ti lè já, òjò kan tàbí ẹ̀ka igi kan tó bá fara lé okùn lè gbé e kọjá ààlà. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé yẹn.

Kí ló ń jẹ ìmọ́lẹ̀? Okùn tí wọ́n ká jọ jù tàbí tí ilẹ̀kùn ń há mọ́lẹ̀. Orí okùn tó dọ̀tí, nítorí eruku bíńtín tí ojú kò rí ti tó láti dí i. Orí okùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n tì bọ ihò aláwọ̀ búlúù: wọn kì í ṣe irú kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ wọ ara wọn. Ibi tí ẹ̀yin lè dá sí kò ju kí ẹ tú okùn tó ká jù, kí ẹ fún un ní àyè láti yí gbẹ̀fẹ́ lẹ́yìn àga, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ tábìlì kúrò lórí rẹ̀. Ẹ má yọ orí okùn náà fi ẹ̀wù nù. Ẹ má sì wo inú rẹ̀ láéláé, kí ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wò ó pẹ̀lú. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kì í hàn sí ojú ènìyàn, ẹni tó ń wò ó kò ní mọ̀ pé òun ń wo nǹkan tó lè pa ojú lára.

Wi-Fi, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ń já sí

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Mákùn, ní Ṣágámù. Alájà méjì ni, búlọ́ọ̀kù onínáìnì ìǹṣì, dẹ́kì kọnkéré láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, bọ́gílárì irin lójú fèrèsé gbogbo. Ẹnjiníà tó wá fa fáíbà gba ìsàlẹ̀ wọlé, ó lu ihò sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, ó gbé ráútà sílẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó wọ̀n ọ́n lórí fóònù rẹ̀ níbẹ̀, ó rí iye tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gba ìwé lọ́wọ́ bàbá onílé, ó lọ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì OOU, tí yàrá rẹ̀ wà lókè lódìkejì, ń rí 3. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn.

Ráútà yẹn ń fi 2.4 GHz nìkan fọ́n Wi-Fi. Ojú ọ̀nà tí kò ta kora kò ju mẹ́ta lọ níbẹ̀: 1, 6 àti 11. Bí ilé márùn-ún tó yí i ká bá ní ráútà tiwọn, wọ́n á máa gba orí ara wọn kọjá. Ọ̀pọ̀ fóònù tó bá so mọ́ irú rẹ̀ yóò kọ 72 Mbps sí ojú, ìdajì rẹ̀ ni ènìyàn máa ń rí lò ní tòótọ́ bí ó bá dúró níwájú rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni ògiri àti dẹ́kì yóò wá gba tiwọn. Irin inú kọnkéré àti dígí ńlá tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kò fẹ́ràn Wi-Fi rárá.

5 GHz yára jùyẹn lọ púpọ̀, ó sì ní ojú ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í la búlọ́ọ̀kù kọjá bíi 2.4. Nítorí náà, ráútà tó ní méjèèjì ni kí ẹ béèrè, tí ẹ ó máa lo 5 nínú pálọ̀ àti 2.4 ní ibi tó jìnnà. Bí àpótí yín bá ti ní méjèèjì, ẹ fún wọn ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ lè mọ èyí tí fóònù so mọ́. Àwọn ẹnjiníà kan máa ń fi orúkọ kan náà bo méjèèjì mọ́lẹ̀, fóònù á sì lọ rọ̀ mọ́ 2.4 nígbà tó dúró níwájú ráútà.

Ohun tí ẹ lè ṣe lónìí láìnáwó: ẹ gbé ráútà kúrò nílẹ̀, ẹ gbé e sókè ara ògiri, kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, sún mọ́ àárín ilé bí okùn bá ṣe gbà. Nínú ojú ìwé tí ẹ ṣí lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá Channel, ẹ yan 1, 6 tàbí 11, èyí tí àwọn ará àdúgbò kò pọ̀ sí. Ẹ fi Channel Width 2.4 sí 20. Àwọn kan á sọ fún yín pé 40 yára jù. Lórí ìwé ni. Láàárín ilé tó fún pọ̀ bí ti Sábó, ariwo ni 40 ń fi kún un.

Fún ilé alájà méjì tí mo mẹ́nu bà yẹn, kò sí ráútà kan tó lè bo gbogbo rẹ̀. Ìwòsàn rẹ̀ ni wáyà LAN láti ìsàlẹ̀ gòkè, pẹ̀lú àpótí Wi-Fi kejì tí yóò jókòó lókè. Mo fara mọ́ wáyà ju àwọn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi gba Wi-Fi kí wọ́n tún fọ́n ọn, torí ohun tó bá ti rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń fọ́n kiri.

Ooru, iná àti ihò kékeré tí a kì í fọwọ́ kàn

Bí pípa ráútà àti títàn án padà bá ń tún ìyára ṣe fún wákàtí díẹ̀, kó tó tún máa fà, ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀. Bó bá gbóná débi pé ọwọ́ kò lè gbà á pẹ́, ooru ló ń dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ má gbé e lé orí dékódà tàbí ìnfátà. Ẹ má fi aṣọ tábìlì bò ó.

Ẹ yẹ ádápítọ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Iná wa ń lọ ó ń bọ̀, lálẹ́ ó lè wálẹ̀ débi pé gílóòbù á máa pupa, àwọn ádápítọ̀ tó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì kì í lágbára mọ́. Ráútà á ṣì tàn, ṣùgbọ́n á máa kú, á sì tún máa tan ara rẹ̀ láàárín òru. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, fóltì gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n kọ sára ráútà mu géérégé, 12 ló wọ́pọ̀, áńpíà sì lè tó o tàbí kó jù ú, kò gbọ́dọ̀ dín. Bátìrì kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà nìkan dára púpọ̀ fún ilé tí iná ti ń ṣẹ́jú. Bí ààrá bá ń sán, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná.

Ihò ráńpẹ́ kan wà lẹ́yìn tí wọ́n kọ Reset sí. Ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni tó wù kó sọ fún yín. Pípa àti títàn kò bà á jẹ́, ṣùgbọ́n Reset á pa orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ fi ń dá ìlà yín mọ̀ rẹ́. Láti ọjọ́ náà títí ẹnjiníà yóò fi dé, ẹ kò ní rí ọ̀kan nínú 3 yẹn gan-an.

Ráútà tiyín

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó bá lágbára rẹ̀: ẹ jẹ́ kí àpótí ilé-iṣẹ́ máa gba ìmọ́lẹ̀ nìkan, kí ẹ fi wáyà so ráútà gidi tí ẹ fowó yín rà mọ́ ọn, kí ìyẹn máa ṣe pínpín àti Wi-Fi. Ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ fi àpótí tiwọn sí Bridge, kí àpótí méjèèjì má baà máa pín àdírẹ́sì lé ara wọn lórí, èyí tó máa ń da géèmù àti kámẹ́rà rú. Ẹ pa Wi-Fi àpótí tiwọn. Bí wọ́n bá kọ Bridge fún yín, ìyára yín yóò ṣì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ mìíràn á sọ pé àpótí tiwọn nìkan ni ẹ gbọ́dọ̀ lò. Ní Jámánì, òfin ti fòpin sí ìyẹn láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, 2016: oníbàárà ló ń yan ráútà tó wù ú, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní gbogbo ohun tó fi máa wọlé. Mo gbà pé ó yẹ kí àwa náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Èyí tó kan yín báyìí ni pé kí ẹ̀rọ tí ẹ bá rà jẹ́ èyí tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí fún lílò ní Nàìjíríà.

Bí ẹ ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀

Ẹni tó bá pe kọ́sítọ́mà kíà tó ní “nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ń fà”, wọ́n á ní kó pa á kó tún tàn án. Ẹni tó bá fi iye sọ̀rọ̀, ọwọ́ mìíràn ni wọ́n á fi mú un. Ẹ kọ ọ́ sí wọn báyìí: “150 Mbps ni mò ń san fún. Lórí wáyà Cat6 tuntun, 94 ni mò ń rí ní ìdájí, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ihò ráútà tí ẹ fún mi jẹ́ FE. Rx jẹ́ -20. Ẹ bá mi pààrọ̀ ráútà sí èyí tó ní ihò GE àti 5 GHz.” Kò sí ohun tí wọ́n lè sọ pé kí ẹ pa kí ẹ tún tàn nínú ìyẹn.

Ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, tàbí tí ìdáhùn wọn kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín, nítorí wọ́n fẹ́ mọ̀ pé ẹ ti bá ilé-iṣẹ́ sọ ọ́ ná.

Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ọwọ́ ráútà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já ní ìtòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló mọ̀ ọ́n lára. Katakata tó ń gbẹ́ ojú títì náà máa ń gé fáíbà. Bí aládùúgbò tó ń lo ilé-iṣẹ́ kan náà bá ń ké bíi tiyín lọ́jọ́ kan náà, ẹ ní sùúrù ná.

Lọ́jọ́ tí ẹnjiníà bá gbé ráútà tuntun dé, ẹ má jẹ́ kó fi fóònù rẹ̀ wọ̀n ọ́n nínú pálọ̀ kó sì máa lọ. Ẹ ti gbé láptọ́ọ̀pù àti wáyà tiyín kalẹ̀ dè é. Kó wọ̀n ọ́n lórí ihò kọ̀ọ̀kan, kó fi Rx hàn yín, kó tẹ̀ lé yín wọ yàrá tó jìnnà jù, kó sì kọ iye tó rí síbẹ̀ sínú ìwé tó fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí. Bí iye náà kò bá sí nínú ìwé, ẹ má fọwọ́ sí i.